Òyìnbó Ń Bẹ Nínú Mi, Ẹnu Mi Ni Kò Là

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí, ní òpópónà Addo, ní Àjáh níbí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì dé JSS 2 kí owó tó tán nílé. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Àjáh. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, Yorùbá lèmi àti àwọn oníbàárà mi jọ ń sọ. Láti ìgbà tí ilé tuntun ti ń pọ̀ sí i lọ́nà Badore àti Langbasa, àwọn tó ń ti inú ẹ́sítéètì wá ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi báyìí: Íbò wà níbẹ̀, Ẹdó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí kì í sọ Yorùbá náà wà níbẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé mo ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, kò sí èyí tí kò yé mi. Bó bá wá kàn mí láti fèsì, àyà mi á máa lù kìkì, itọ́ á gbẹ lẹ́nu mi, gbogbo ọ̀rọ̀ á fò lọ. "Yes ma" àti "no problem" nìkan ló máa ń kù. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan ní kí n ṣàlàyé ìdí tí aṣọ òun fi fún léjìká. Mo mọ ìdí rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n rán an kó lẹ̀ mọ́ òun lára. N kò rí i sọ. Mo ní "sorry ma," mo tú aṣọ náà, mo tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ fi kún owó lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, mo sì ní ohun gidi tí mo fẹ́ bi wọ́n lórí ẹ̀. Mo nawọ́ sókè, mo dìde, mo ní "My daughter, he is..." Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní "gbàgáùn!" Mo jókòó. Nígbà tá a délé, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní, "Mọ́mì, ẹ má sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́."

Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi ni? Ṣé kí n kúkú pa Yorùbá tì nílé, kí èmi àti ọmọ máa sọ òyìnbó nìkan, bóyá ahọ́n mi á yọ̀?

Aránṣọ, Àjáh, Ìpínlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ìgbà kejì ni mo tó rí ohun tí ẹ sọ kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan: ẹ ní kò sí èyí tí kò yé yín. Ẹni tó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ tí oníbàárà rò nípa èjìká aṣọ, tó mọ ibi tí ẹ̀bi wà, tí èsì ti dúró sínú rẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó. Ẹ̀rù ló dì í lẹ́nu. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, ìwé ni à ń wá fún un. Ẹni tí ẹ̀rù dì lẹ́nu, ibi tó ti lè ṣì í sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀sín ni à ń wá fún un. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ wá lónìí.

Àyà tó ń lù, itọ́ tó gbẹ, ọ̀rọ̀ tó fò lọ, bí ara ọmọ aráyé ṣe ń ṣe nìyẹn bí ẹ̀rù bá dé. Ara gbà pé ewu ti wọlé, ó ń múra láti jà tàbí láti sá. Ọpọlọ tó yẹ kó máa ṣa ọ̀rọ̀ jọ ti lọ ń wo ojú àwọn tó ń gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rọrùn láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ kéèyàn sì tún máa ṣọ́ ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ní ọdún 1986, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Elaine Horwitz, Michael Horwitz àti Joann Cope, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rù yìí gan-an. Wọ́n to gbólóhùn 33 tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lára akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ya ẹ̀rù mẹ́ta sọ́tọ̀: ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ lójú ènìyàn, ẹ̀rù ìdánwò, àti ẹ̀rù ohun tí wọn yóò rò nípa ẹni. Ọmọ yunifásítì ní Texas ni àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, èdè Sípáníìṣì ni wọ́n ń kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà, níbi tí òyìnbó ti jẹ́ èdè ilé, bí òun náà bá fẹ́ sọ èdè ẹlòmíràn, àyà tirẹ̀ náà á máa lù kìkì. Nítorí náà, kò sí àléébù kankan lára yín tí kò sí lára ẹlòmíràn.

Àmọ́ tiwa ní ohun tó fi le ju tiwọn lọ, ilé ìwé ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì wa, wọ́n á so pátákó kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so ó, ó máa ń ha ènìyàn lẹ́yìn ọrùn. Ìwọ tó o gbé e kọ́ lo máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó bá ṣì í sọ, kó o tó lè bọ́ ọ sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan, mo gbé e láti òwúrọ̀ títí dìgbà tí a jáde, nítorí pé mo bi ẹnìkejì mi pé níbo ni pẹ́ńsùlù mi wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí tíṣà kò kọ sójú bọ́ọ̀dù: dákẹ́. Bó o bá dákẹ́, o ò ní jìyà pé o sọ Yorùbá, o ò sì ní já gbàgáùn lóyìnbó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ́ ara mi pé mo ti bọ́ pátákó náà. Àwọn tó rẹ́rìn-ín sí yín ní ìpàdé yẹn, tí ẹ bá wádìí wọn, púpọ̀ nínú wọn ṣì gbé tiwọn kọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí inú wọn fi ń dùn bí wọ́n bá rí ẹni tí wọ́n lè bọ́ ọ fún.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, gbàgáùn. Ariwo abọ́ irin tó já lu símẹ́ńtì ni. Ta ni abọ́ máa ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó ń dáná ni. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti dáná, ṣe ló máa ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn ọkùnrin kan. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Amos Tutùọlá sí ní 1920. Ìwé tó kà kò tó nǹkan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe lọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó nígbà tí iléeṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde ní 1952. Òyìnbó inú ìwé náà, bí Yorùbá ṣe ń rìn ló ṣe ń rìn, ohun tí tíṣà ìgbà náà ìbá fi gègé pupa fà káàkiri pọ̀ níbẹ̀. Ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé, wọ́n ní ó fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer lọ́dún náà gan-an. Nígbà tó di 1953, Raymond Queneau ti tú u sí Faransé. Ká ní Tutùọlá dúró kí òyìnbó rẹ̀ gún régé kó tó lanu, ìtàn náà ìbá bá a lọ sí sàréè. N kò ní kí ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ o. Oníbàárà yín nílò òyìnbó tó yé e. Mo ń sọ pé ohun tí ẹ ní láti sọ kò gbọ́dọ̀ dúró de gírámà.

"He" tí ẹ pe ọmọbìnrin yín wá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọkùnrin jẹ́ "ó," obìnrin jẹ́ "ó," àgùntàn pàápàá jẹ́ "ó" lédè wa. Orí yín kò tíì kọ́ láti máa béèrè akọ àbí abo kó tó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yín lè kọ́ ọ. Bí ẹ bá ti gbé aṣọ obìnrin sórí ẹ̀rọ, ẹ máa sọ ọ́ síta jẹ́jẹ́: "She wants it long. Her sleeve is short." Bó bá jẹ́ ti ọkùnrin: "He wants two pockets. His trousers are ready." Ìró àti bùbá á máa rán yín létí "she," ṣòkòtò á máa rán yín létí "he." Ẹ ṣe é fún oṣù kan, ẹ ó rí i pé ẹnu yóò ti yà síbi tó yẹ kí orí tó rántí.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa tí à ń kọ́ni kì í sábà mẹ́nu bà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa, ẹnu rẹ̀ máa ń wúwo láti wo ojú àgbà kó pè é ní "you." A ní "ẹ," a ní "wọn", òyìnbó kò ní in, ó wá ń ṣe wá bí ẹni ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Lára ẹ̀rù tí ẹ rò pé ti gírámà ni, ìtìjú àìbọ̀wọ̀fágbà ni. Òyìnbó tiwa ní Nàìjíríà ti wá nǹkan ṣe sí i tipẹ́: "ma" àti "sir." Ẹ máa lò ó dáadáa. "What do you want, ma?" kò rí fínfín létí ẹnikẹ́ni láti Àjáh dé Ọbáléndé.

Ó yá, iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù yín ni kíláàsì yín. Òyìnbó kún ibẹ̀ fọ́fọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín: téèpù, sípù, bọ́tìnnì, láínìn, fítìn. Ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ sáìsì, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ kọ ohun márùn-ún tí ẹ máa ń fẹ́ sọ fún gbogbo oníbàárà síbẹ̀, ní kúkúrú. "When do you need it, ma?" "I need five yards." "You will pay half now." "Please come for fitting on Thursday." Ìkarùn-ún ni èyí tí ẹ kò rí sọ lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ èjìká: "I sewed it the way you wanted, ma. I can open it, but it will cost you two thousand." Bí ẹ bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, owó tí ẹ máa rí gbà yóò tó ẹ̀rí.

Ẹ má fojú kà á nìkan o. Ẹ sọ ọ́ síta bí ẹ bá ń lọ aṣọ, bí ẹ bá ń tú ojú rírán, nígbà ogún, nígbà ọgbọ̀n, títí ẹnu yóò fi mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ yín ṣe mọ ẹ̀rọ láìwolẹ̀. Ohun tí ẹnu ti mọ̀ lọ́nà yìí, ẹ̀rù kì í tètè rí i gbà lọ. Nígbà tí ó bá ti yọ̀ díẹ̀, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni oníbàárà tó lójú àánú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èyí tó ń kanra. Ẹ má ṣe fi ti ìpàdé àwọn òbí bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni òkè náà ti ga jù.

Ẹ sì jẹ́ kí aṣọ wà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Mo rí agbára èyí lára bíríkìlà kan tó wá sí kíláàsì alẹ́ tí mo ń kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sẹ́yìn láìsọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kó dìde, kó fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré, kó máa sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó di ṣọ́bìrì mú. "First, you put sand." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Then cement. You turn it dry. Don't put water first!" Ibi tó ti ń kìlọ̀ fún wa nípa omi, ohùn rẹ̀ ti lọ sókè, ojú rẹ̀ kò wolẹ̀ mọ́. Ó ṣì í sọ níbi mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́, torí pé gbogbo kíláàsì ti ń wo kọnkéré tí kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fa ẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ kọ́ gbólóhùn méjì tí wọ́n fi ń ra àkókò kún un: "Please say it again slowly, ma," àti "Give me one minute, let me explain." Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ẹ mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Àyà yóò rọlẹ̀ díẹ̀. Kò ní dákẹ́ pátápátá, kò sì pọn dandan kó dákẹ́. A lè sọ̀rọ̀ lórí àyà tó ń lù.

Ní ti lẹ́tà òyìnbó tó máa ń ni ahọ́n wa lára, kékeré nìyẹn. "V" àti "z" kò sí nínú Yorùbá, ìdí rèé tí "zip" fi ń di "sip" lẹ́nu wa. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín, ẹ sọ "sss," ọ̀fun kò ní mì. Ẹ wá fi ohùn sí i láìyí ahọ́n padà, ẹ ó gbọ́ bí ọ̀fun ṣe ń kùn bí oyin. "Z" nìyẹn. Bí "f" ṣe ń di "v" náà nìyẹn. Fún etí yín, ẹ tan Lagos Traffic Radio, 96.1 FM, nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ń sọ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ẹ máa tẹ̀ lé wọn lẹ́nu, kí ẹ fara wé ibi tí ohùn wọn ti ń gòkè. Pijin náà kò burú. BBC pàápàá ti ń ka ìròyìn ní Pijin láti 2017. Èdè tó dá dúró ni. Tí oníbàárà bá gbọ́ ọ, ẹ fi bá a dúnàádúrà. Bí ẹ bá sì fẹ́ padà sídìí ìwé, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà, Agency for Mass Education, wà fún irú yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ibi tí kíláàsì tó sún mọ́ yín wà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa Yorùbá tì nílé. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ ní Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Tíṣà tó mọ̀ nípa òyìnbó dáadáa ló ń kọ́ wọn ní òyìnbó lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wéra pẹ̀lú àwọn tí wọ́n yí sí òyìnbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ náà kò gbẹ́yìn, wọn kò gbẹ́yìn nínú òyìnbó pàápàá. Yorùbá tí ẹ ń bá ọmọ yín sọ kò dí òyìnbó rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi òyìnbó tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rù náà ni ọmọ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Èyí tó sọ pé kí ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ má kà á sí àìgbọràn. Ó rí i tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń wá ọ̀nà láti dáàbò bò yín. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bá a ṣe àdéhùn: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, kó mú ìwé kíkà rẹ̀ wá, kí òun ka ojú ewé kan, kí ẹ̀yin náà ka ìkejì síta. Ilé ni kó ti máa tún un ṣe fún yín. Níta, ẹnu yín méjèèjì á ṣọ̀kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ san án fún un.

Ní ti ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ tètè débẹ̀, kí ẹ jókòó níwájú, níbi tí ẹ kò ti ní rí ojú gbogbo wọn. Ẹ kí ẹni tó ń darí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ohùn yín ti jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí bébà, ìlà kan, ẹ kà á: "Please, what will the children gain from the extra lesson money?" Ẹni tó bá ka bébà kò dẹ́ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gùn ju bébà lọ, ẹ ní "Please, let me say it in Yoruba," kí ẹ sọ ọ́ kó délé. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 55, gba Yorùbá láàyè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ l'Ábújá tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀. Abala 97 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún òyìnbó. Èdè tí wọ́n lè fi ṣòfin kò kéré jù fún ọ̀rọ̀ owó lẹ́sìn l'Ájáh.

Ẹ kọ̀wé sí wa lẹ́yìn ìpàdé náà, Arábìnrin wa. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi dá yín lóhùn nípa owó yẹn.